Bí Ṣaworo Nìkan Bá Ṣẹ́kù

Ẹ wo ojú ìyáàlù dáadáa. Ṣaworo idẹ kéékèèké ló yí etí awọ rẹ̀ ká. Bí ọmọ Àyàn bá ń fi kọ̀ǹgọ́ lù ú, tó ń fún ọsán mọ́ra, ìlù á sọ̀rọ̀: ohùn òkè á yọ, ohùn àárín á yọ, ti ìsàlẹ̀ náà á yọ, ẹni tó bá gbédè á sì gbọ́ oríkì baba rẹ̀. Ṣaworo ní tirẹ̀ kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Kì í ki ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń dún woro-woro tẹ̀ lé gbogbo ohun tí ìlù bá wí ni. Síbẹ̀, ẹ ní kí onílù tú u kúrò, yóò ní ẹ ti bọ́ ìlù òun síhòòhò. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú dé Kúbà, bàtá tí wọ́n tún gbẹ́ níbẹ̀ kò fi ṣaworo sílẹ̀. Títí di òní, ìyá ìlù wọn ṣì ń wọ̀ ọ́, chaworó ni wọ́n sì ń pè é.

Ó ti pẹ́ tí etí Yorùbá ti gbà pé ìró tí kì í ṣe ọ̀rọ̀, tí kò sì ní ohùn orin kankan nínú, ní àyè tirẹ̀ nínú orin. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ lọ bá ọkùnrin ará Japan kan. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ni pé: bí ṣaworo nìkan bá ṣẹ́kù ńkọ́?

Masami Akita lorúkọ rẹ̀. Tokyo ni wọ́n ti bí i ní 1956, Merzbow sì ni orúkọ tó fi ń kọrin. Onílù ni láti ìgbà ọ̀dọ́, ó ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì. Ó fẹ́ràn Jimi Hendrix, ó fẹ́ràn King Crimson, ó sì ń gbọ́ àwọn oníjáàsì bíi Albert Ayler, ẹni tí ń fọn sáksófóònù títí ohùn rẹ̀ á fi fàya. Yunifásítì Tamagawa ló ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, ibẹ̀ ló sì ti fara mọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Dada, tí wọ́n dìde ní Yúróòpù nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí wọ́n kọ gbogbo ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà yẹn ń pè ní ẹwà.

Lára wọn, Kurt Schwitters ará Hannover ní Jámánì ni Akita mú orúkọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Schwitters a máa ṣa tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò, pátákó fífọ́, wáyà àti bébà yíya, á lẹ̀ wọ́n pọ̀ di àwòrán. Nínú ilé tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́ ohun kan tó pè ní Merzbau, ó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún títí ó fi gba ju yàrá kan lọ. Ní 1937 ó sá fún ìjọba Nazi lọ sí Norway. Bọ́ǹbù wó ilé náà ní 1943, Merzbau sì bá a lọ.

Ní 1979 ni Akita bẹ̀rẹ̀ Merzbow. Kò dúró de ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kankan; ó dá tirẹ̀ sílẹ̀, Lowest Music & Arts, ó ń gba ohùn sórí káséètì, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun. Ìwé ìròyìn tí àwọn èèyàn ti jù nù ló ń gé láti fi ṣe àwòrán ara páálí rẹ̀.

Ohun èlò rẹ̀ náà kò yàtọ̀. Yóò mú irin jákujàku, yóò so sípíríǹgì mọ́ ọn, yóò sì lẹ maikirofóònù pẹlẹbẹ kan mọ́ irin náà lára. Irú maikirofóònù yìí kì í gbé ohùn tó wà nínú afẹ́fẹ́. Bí irin ṣe ń gbọ̀n gan-an ló ń gbé. Ìró tí a kò ní gbọ́ bí a tilẹ̀ dúró tì í á wá gba gbọ̀ngàn kan. Yóò tún tì í gba inú àwọn ẹ̀rọ kékeré tí àwọn onígìtá ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tí ń mú kí ohùn ha.

Gbogbo ẹni tó bá ń lọ sóde ìnáwó ló mọ igbe tí ń ta nígbà tí ẹni tó mú maikirofóònù bá rìn sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn jù. Ìró jáde, maikirofóònù gbé e, ẹ̀rọ tún tú u jáde, ó ń yípo títí gbogbo agboolé á fi di etí, tí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ á sì sáré pa á. Akita kì í pa á. Òun a máa mú wáyà tó ti inú míksà jáde, á tún fi í bọ inú míksà yẹn kan náà, kí ẹ̀rọ máa jẹ ohùn ara rẹ̀, á wá máa yí bọ́tìnì díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tó lu nǹkan kan, kò sí ẹni tó fọn nǹkan kan, ohùn sì ń bẹ.

Àwo Pulse Demon tó jáde ní 1996 ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, etí mi kọ́kọ́ ń wá ibi tí yóò dúró sí, kò rí. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n sọ́tọ̀: ọ̀kan ń gbọ̀n nísàlẹ̀, ọ̀kan ń gé gààrà lókè, òmíràn ń wọlé ó ń jáde. Bó bá ti yọ eléyìí ni yóò fi tọ̀hún sí i. Ẹni tó bá ti jókòó ti onílù àgbà rí yóò dá a mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe èyí mọ ìgbà tó yẹ kí nǹkan yí padà. Àwo rẹ̀ ju 300 lọ. Ní 2000, ilé iṣẹ́ kan ní Australia kó 50 lára síìdì rẹ̀ sínú àpótí kan ṣoṣo, Merzbox. Èmi kò rò pé gbogbo rẹ̀ ló yẹ kéèyàn gbọ́.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an dé lẹ́yìn èyí. Ní nǹkan bí 2003, ó jáwọ́ nínú jíjẹ ohunkóhun tó bá ti ara ẹranko wá, ọ̀rọ̀ ẹranko sì wọ inú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń sin chabo nílé, adìẹ kúkúrú ilẹ̀ wọn. Ẹran inú òkun ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Minazo, ní ilé ìtọ́jú ẹran omi ní Enoshima, tí wọ́n fi ń dá àwọn èrò lára yá. Ó kú ní 2005; ní ọdún kejì Akita fi orúkọ rẹ̀ sọ àwo. Lọ́dún yẹn kan náà ló gbé Bloody Sea jáde láti tako bí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣe ń pa àbùùbùtán. Ariwo tí àwọn èèyàn ní kò ní ìtumọ̀ ló fi gbèjà ohun tí kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo rò pé ohùn orin dídùn ì bá ti pa ìrora yẹn mọ́lẹ̀.

Láti 2009 wọ 2010, ó tún jókòó sídìí ìlù. Àwo mẹ́tàlá ló gbé jáde tẹ̀ léra wọn, 13 Japanese Birds, orúkọ ẹyẹ ló sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ológoṣẹ́ wà níbẹ̀, òwìwí wà níbẹ̀, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, chabo ló sì kẹ́yìn. Nínú wọn, ìlù ń sáré lábẹ́ ariwo, ariwo ń gùn ún lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn wa ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Pulse Demon. Ẹ mú ti ológoṣẹ́, tó pè ní Suzume, ẹ dín ohùn rẹ̀ kù nítorí etí yín, kí ẹ sì kọ́kọ́ máa tẹ̀ lé ọwọ́ onílù.