Dírágónì Ti Ráyè Wọlé, Adúláwọ̀ Ṣì Ń Kanlẹ̀kùn

Nígbà tí iléeṣẹ́ Bethesda ti Amẹ́ríkà gbé géèmù Skyrim jáde ní 2011, ẹ̀yà mẹ́wàá ni wọ́n tẹ́ síwájú ẹni tó bá fẹ́ gbá a. Ó lè ya ológbò tó ń fẹsẹ̀ méjì rìn, ó lè ya aláǹgbá, ó lè jẹ́ iwin elétí ṣóńṣó. Èèyàn ẹlẹ́ran ara bíi tiwa kò ju ẹ̀yà mẹ́rin lọ nínú wọn. Mẹ́ta jọ òyìnbó. Ẹ̀yà kan ṣoṣo yòókù, tí wọ́n ń pè ní Redguard, ló jẹ́ adúláwọ̀.

Irú géèmù yìí kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó ti bá Fágúnwà rìn nínú Igbó Irúnmalẹ̀: oṣó wà níbẹ̀, ẹbọra wà níbẹ̀, ohun tí ojú kò rí rí pọ̀ lọ súà. Ìdí nìyẹn tó fi yani lẹ́nu pé ibi tí ohun gbogbo ti lè ṣẹlẹ̀, àwọ̀ ara èèyàn ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Ká tiẹ̀ kọ́kọ́ yin àwọn Redguard. Láti inú Arena, géèmù àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ tí Skyrim wà, ní 1994, ni wọ́n ti wà, wọ́n sì ní orírun. Yokuda ni ilẹ̀ baba wọn. Nígbà tí òkun gbé e mì, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì fi idà gba ilẹ̀ aṣálẹ̀ kan tó ń jẹ́ Hammerfell. Lọ́jọ́ tí ọba ńlá tó wà lórí wọn fi apá kan ilẹ̀ wọn tọrọ àlàáfíà lọ́wọ́ àwọn iwin, wọ́n yarí, wọ́n dá nìkan jagun náà títí àwọn iwin fi kó ẹrù wọn. Ní 1998 pàápàá, géèmù odidi kan jáde tó jẹ́ pé Cyrus, atukọ̀ ọmọ Redguard, ni akọni rẹ̀. Adúláwọ̀ tó nílé, tó ní baba ńlá, tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni: èyí kò wọ́pọ̀ nínú géèmù ayé ìgbà náà.

Àmọ́ ẹ wo Oblivion, géèmù mìíràn nínú ọ̀wọ́ náà, tó jáde ní 2006. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ní iye tí wọ́n fi wọn làákàyè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn Breton, òyìnbó onídán, gba 50. Redguard gba 30. Lóòótọ́, àwọn Nord tí awọ wọn funfun báláú gba 30 bákan náà, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé adúláwọ̀ nìkan ni wọ́n dójú sọ. Síbẹ̀, òyìnbó lè fi Nord sílẹ̀ kó mú Breton. Ọmọ tó ń wá èèyàn tó jọ òun kò ní ibòmíràn tí yóò yà sí. Skyrim ló wá wọ́gi lé òǹkà náà pátápátá.

Inú Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1974, ni àṣà fífi ẹ̀yà díwọ̀n ọpọlọ àti agbára ti wọ géèmù. Ìwé òfin rẹ̀ ti 2024 ló tó gbé àǹfààní náà kúrò lórí ẹ̀yà, tó gbé e ka orí irú ìgbé ayé tí ẹ̀dá náà ti gbé.

Ọ̀rọ̀ The Witcher 3, tí àwọn ará Poland ní CD Projekt Red ṣe ní 2015, tún gba àròjinlẹ̀ tirẹ̀. Géèmù náà kún fún ìkórìíra ẹ̀yà: wọ́n ń lé iwin àti aràrá kiri, wọ́n ń dáná sun wọ́n ní ìgboro Novigrad. Èèyàn dúdú wá ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ bí omi aṣálẹ̀. Nígbà tí àwọn alárìíwísí ní Amẹ́ríkà figbe ta, àwọn kan ní Poland fèsì pé ìtàn àwọn baba ńlá àwọn ni, pé ilẹ̀ àwọn náà jìyà lọ́wọ́ àwọn aninilára. Èsì yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní October ọdún náà, àfikún géèmù ọ̀hún mú àwọn aláwọ̀ dúdú wá láti ilẹ̀ Ofir, ṣùgbọ́n oníṣòwò àti àlejò ni wọ́n.

Èyí tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni àwáwí pé Yúróòpù ayé àtijọ́ kò ní adúláwọ̀. Naoki Yoshida, tó darí iṣẹ́ Final Fantasy XVI ní Japan, sọ ohun tó fara jọ ọ́ kí géèmù náà tó jáde ní 2023. Ṣùgbọ́n nínú kàtídírà Magdeburg ní Jámánì, ère Maurice Mímọ́ wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 1240: jagunjagun adúláwọ̀ nínú ẹ̀wù irin. Nínú àwòrán ìdíje ẹlẹ́ṣin ti Westminster ní 1511, afunfèrè adúláwọ̀ John Blanke jókòó lórí ẹṣin láàárín àwọn ẹmẹ̀wà ọba Henry Kẹjọ.

Nígbà míì, àwọn Amẹ́ríkà a máa wá ẹ̀dá lọ sílẹ̀ wa. Géèmù Smite, tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Georgia, kó Yemọja àti Ọlọ́run mọ́ Zeus àti Thor nínú pápá ìjà. Ọlọ́run tí Yorùbá kì í gbẹ́ ère rẹ̀ ló wá ń gba ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀! Ó dùn ún gbá, wọ́n ní.

Àwọn kan kò dúró de ìkésíni. Ní Yaoundé, ní Cameroon, iléeṣẹ́ Kiro'o Games tí Olivier Madiba dá sílẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ ará ayé lórí ìkànnì Kickstarter, wọ́n sì gbé géèmù Aurion jáde ní 2016. Akọni rẹ̀, Enzo, jẹ́ ọmọ ọba tí agbára rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ wá. Erine ìyàwó rẹ̀ ń jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ohun tí adúláwọ̀ ń wá níbẹ̀, torí ilé wọn ni.

Ní April 2024, Abubakar Salim, òṣèré ọmọ Britain tí ìran rẹ̀ ti Kenya wá, gbé géèmù Tales of Kenzera: ZAU jáde. Ikú bàbá rẹ̀ ló bí i: ọ̀dọ́ adáhunṣe kan bá Kalunga, òrìṣà ikú, ṣe àdéhùn kó lè gba bàbá rẹ̀ padà. Iléeṣẹ́ ńlá EA ló bá wọn tà á. Ní July ọdún yẹn kan náà, Surgent, iléeṣẹ́ Salim, dá àwọn òṣìṣẹ́ kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, Salim fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá olówó tí yóò bá a gbé géèmù tó kàn dìde.