Dàrú: Ìtumọ̀ àti Ìlò Rẹ̀

Dàrú jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là: àbọ̀ a máa bọ́ sí àárín dà àti rú. Bí tírélà bá dábùú ọ̀nà ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn èrò ọkọ̀ yóò wí pé ó da ìrìnnà rú. Ohùn ìsàlẹ̀ orí dà di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí ó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ni, kì í yí padà: ó dà á rú. Àṣìṣe ni kí a kọ ọ́ ní dá. Ti dá rúgúdù sílẹ̀ ni ìyẹn.

Ohun tí kò létò tẹ́lẹ̀ kì í dàrú. Ní ti omi ẹ̀wẹ̀, èyí tí ẹrẹ̀ rẹ̀ ru sókè ni ó rú. Òdìkejì rẹ̀ ni tòrò. Ibí yìí ni iṣẹ́ olùtumọ̀ ti le. Ní 1865, Rudolf Clausius, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, sọ ìwọ̀n kan nínú ìmọ̀ ooru ní entropy. Nítorí pé àwọn ìwé a máa fi àìlétò ṣàlàyé rẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí yìnyín bá yọ́, entropy rẹ̀ pọ̀ sí i, omi rẹ̀ sì tòrò. Yorùbá wo ni yóò pe omi títòrò ní èyí tí ó dàrú? Ó sàn kí a yá ọ̀rọ̀ náà lò, kí a kọ ọ́ ní ẹ́ńtírópì, kí dàrú máa bá ọjà, ọ̀nà àti ìpàdé lọ.