Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ilé aláǹtakùn, fàdákà àti èbu ara ògiri

Bí òjò bá ti wọlé dáadáa ní Òṣogbo, ẹ yẹ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí afẹ́fẹ́ kì í dé wò nílé yín ní Dàda Estate: èbu dúdú á ti hù sára ògiri. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà tuntun, á tún padà wá, torí ọ̀dà lásán kò ní ohun tó fi ń bá èbu jà. Èrò mi ni pé a lè fún ojú ògiri lágbára yẹn, ara ohun abẹ̀mí la sì ti lè rí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, ti dán an wò. Ìwádìí wọn jáde ní 2016. Wọ́n po omi tí wọ́n fà lára ilé aláǹtakùn mọ́ èròjà fàdákà. Pùròtéènì inú rẹ̀ sọ fàdákà di hóró tín-íntìn-ìntín tí kò tó ìdá kan nínú 1,000 ìbú irun orí, ó sì rọ̀ mọ́ wọn kí wọ́n má baà dì pọ̀. Nígbà tí wọ́n pò ó mọ́ ọ̀dà funfun, kò jẹ́ kí bakitéríà àti èbu ráyè gbèrú.

Ẹlòmíì á ní fàdákà wọ́n, àti pé bó bá ṣàn wọ odò Ọ̀ṣun, ó lè ṣe ẹja ní jàǹbá. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ ìwọ̀nba, kó sì lẹ̀ pinpin mọ́ ọ̀dà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ páìpù tó ń jò nínú ògiri ló ń fa èbu náà, páìpù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.