Ìgboro ń súnmọ́ oko

Ní Koussountou, lágbègbè Tchamba, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe. Iṣu àti àgbàdo ni ilẹ̀ fi ń bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú bíi Sokodé ń fẹ̀ sí i: níbi tí ebè iṣu wà tẹ́lẹ̀, ilé ti dé ibẹ̀.

Ẹni tí ó ta oko gbowó lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó ń ro ó ń jẹun lọ́dọọdún.

Ní ọdún 2018, Tógò ṣe òfin ilẹ̀ tuntun. Ilẹ̀ ìsinsìnyí ń fẹ́ ìwé. Kí àgbẹ̀ tó tẹ̀ka, kí ìdílé pé jọ, kí aládùúgbò jẹ́rìí sí ààlà, kí wọ́n sì ka ìwé náà tán. Ẹni tí ó mọ̀wé kà kì í ta oko bàbá rẹ̀ nínú òkùnkùn.