Kí ẹ tó da epo pupa sí ajá yín lẹ́nu: Àwọn oúnjẹ ilé tó ń di májèlé fún ajá

Bí ajá bá kú lójijì nínú ọgbà ilé kan, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí ọkàn ẹni tó ni ín ni pé àwọn olè ti ju ẹran onímájèlé sí i láti òkè ògiri, tàbí pé aládùúgbò tí gbígbó rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó sùn ló fi nǹkan sí i lẹ́nu. Òótọ́ ni pé irú ìwà ìkà bẹ́ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, inú ìkòkò ọbẹ̀ ilé náà gan-an ni májèlé ọ̀hún ti wá, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn ajá náà jù lọ ló sì gbé e fún un. Ìjà àdúgbò tí èyí ti dá sílẹ̀ kò kéré.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí kòkó, ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní theobromine wà nínú rẹ̀. Ara èèyàn a máa tètè borí èròjà yìí, ṣùgbọ́n nínú ara ajá, ó tó nǹkan bíi wákàtí 17 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò. Ìdí nìyẹn tí ajá tó bá jẹ ṣokoléètì fi máa ń bì, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, tí kò lè jókòó sójú kan, tí gìrì sì lè mú un bí èyí tó jẹ bá pọ̀. Fún ajá tó wọn kílò 10, ṣokoléètì dúdú tó tó gíráàmù 40 ti tó láti dá àìsàn sílẹ̀. Oní-mílíìkì kò le tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú kòkó àti èso kòkó gbígbẹ ló le jù. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Oǹdó, Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Ọ̀yọ́ tí ẹ ń sá kòkó sórí ẹní, ẹ má ṣe jẹ́ kí ajá sọ ibẹ̀ di ibùsùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tilẹ̀ ń ta èèpo kòkó fún dídà sí ìdí òdòdó, àwọn ajá a sì máa jẹ ẹ́ nítorí òórùn dídùn rẹ̀.

Ohun tó ń bani lẹ́rù nípa àlùbọ́sà ni pé kì í kánjú ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Òun àti áyù a máa ba àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́ títí wọn yóò fi fọ́. Ẹni tó da àjẹkù ìrẹsì àti ọbẹ̀ fún ajá lọ́jọ́ Àìkú lè má rí nǹkan kan títí di Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ajá náà bá ń mí gúlegúle, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí omi sóbò. Ta ni yóò rántí ọbẹ̀ ọjọ́ Àìkú nígbà náà? Bí a sè é, bí a dín in, bí a sá a gbẹ tí a lọ̀ ọ́, agbára rẹ̀ kò lọ. Nǹkan bíi gíráàmù 150, ìyẹn àlùbọ́sà ńlá kan, ti lè kó ajá kílò 10 sínú ewu, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rántí àlùbọ́sà tí alásùyà rẹ́ sínú bébà.

Àjàrà tútù àti àjàrà gbígbẹ, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú kéèkì, a máa ba kíndìnrín ajá jẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ kò mọ ohun tó fà á. Ní ọdún 2021 ni àwọn dókítà ẹran kan ní Amẹ́ríkà tọ́ka sí tartaric acid, èyí tó wà nínú àjàgbọn pẹ̀lú. Ajá kan lè jẹ ẹ̀kúnwọ́ kí nǹkan kan má ṣe é, kí òmíràn jẹ díẹ̀ kí ìtọ̀ rẹ̀ sì dá pátápátá. Ní ti ṣíngọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà, ẹ wo ara páálí rẹ̀ bóyá ẹ ó rí xylitol. Gíráàmù 1 péré lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá kílò 10 já wálẹ̀ láàárín wákàtí kan, kí ó máa rìn ségesège bí ọ̀mùtí. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀ ló kàn.

Ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu náà kì í ṣe oúnjẹ ajá. Láàárín ìparí ọdún 2020 àti oṣù kìíní ọdún 2021, FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba ìròyìn nípa ẹran ọ̀sìn ilé tó ju 110 lọ tó kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ ajá tí aflatoxin, májèlé inú ohun bíbu, ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Wàyí o, kí ni ṣíṣe kí ọ̀rọ̀ tó di pé ẹ̀pa kò bóró mọ́? Epo pupa ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré sí nílẹ̀ wa, àwọn mìíràn a ṣí mílíìkì inú agolo. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn àgbà kan, ṣùgbọ́n epo pupa kì í ṣe ẹ̀pa fún èyíkéyìí nínú àwọn májèlé wọ̀nyí, àwọn májèlé kan sì wà tí ọ̀rá ń mú tètè wọ ara. Ajá tí gìrì ń mú kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo tí a fipá dà sí i lẹ́nu a yà sínú ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí májèlé ì bá fi sílẹ̀, epo a pa á. Omi iyọ̀ burú bákan náà, nítorí iyọ̀ púpọ̀ fúnra rẹ̀ májèlé ni fún ajá. Èédú ìdáná kọ́ sì ni èédú tí àwọn dókítà ń lò.

Ẹ gba ìyókù oúnjẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wo aago, kí ẹ sì pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀, àní bí ajá náà bá ṣì ń ṣeré. Láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, dókítà ṣì lè fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú un bì. Ẹ mú páálí ohun tó jẹ dání. Bí ó bá jẹ́ xylitol, tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ lọ́nà, oyin díẹ̀ tí a fi pa èrìgì rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́, bí kò bá máa géni jẹ. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti Ìlọrin àti FUNAAB l'Ábẹ́òkúta, yàtọ̀ sí ti àwọn aládàáni.

Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà, títí kan ogógóró bí ẹnì kan bá fi bá ajá ṣeré níbi àríyá. Kò ní fà yín lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bí ó bá sì jẹ́ àlùbọ́sà ló jẹ, ẹ mú un padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti yá.