ÌDÁNWÒ GÁMÀ-GILÓBÚLÌN ÀTI OHUN TÍ Ó LÈ SỌ FÚN ARÁ ÀKÓKÓ

Ìfáàrà

Ní Ọ̀bà-Àkókó, bí ọmọ bá ń ṣàìsàn léraléra, tí òtútù àyà kò tíì lọ tán tí etí tún ń ṣọyún, ibà ni a sábà máa ń dárúkọ, tàbí kí àwọn àgbà fura sí àbíkú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí a bí láìní èròjà tí ń gbógun ti kòkòrò àrùn nínú ẹ̀jẹ̀. Ìtọ́jú wà fún wọn. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni bí a ṣe ń dán ìtọ́jú náà wò, àti ohun tí àbájáde rẹ̀ lè sọ fún ẹni tí ń gbé Àkókó.

Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀

Gámà-gilóbúlìn ni a ó máa pe èròjà náà. Ó yàtọ̀ sí àjẹsára. Àjẹsára a máa kọ́ ara láti rọ ohun ìjà tirẹ̀; gámà-gilóbúlìn jẹ́ ohun ìjà tí a yá lára ẹlòmíràn. Ohun tí a yá kì í sì í pẹ́: láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdajì rẹ̀ yóò ti tán. Ní 1952, Ogden Bruton, dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, kọ nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan tí kò ní èròjà yìí, tí òun sì ń fi abẹ́rẹ́ fún un. Láti nǹkan bí 1980 ni èyí tí à ń fà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ wá gbilẹ̀.

Ìdánwò ti Gáḿbíà àti ti Ìbàdàn

Ní 1961, Cohen, McGregor àti Carrington gbé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Gáḿbíà jáde. Wọ́n yọ gámà-gilóbúlìn láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà ibẹ̀, wọ́n sì gún un fún àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, kòkòrò ibà inú ẹ̀jẹ̀ wọn dín kù gidigidi. Èyí tí a yọ lára àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1962, Edozien, Gilles àti Udeozo ní Ìbàdàn fi hàn pé èyí tí a yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun náà ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé ìyá ni ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ inú rẹ̀.

Ìdánwò fún Aláìsàn Àbímọ́ni

Nínú ìdánwò ti Gáḿbíà, a rí ohun tí a fi ṣe òdiwọ̀n. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí a bí láìní gámà-gilóbúlìn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ẹni tí ó mọ̀ pé ìtọ́jú wà kò lè fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní omi lásán nítorí ìwádìí. Nítorí náà gbogbo olùkópa ni ó ń gba oògùn, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, fún oṣù 12, kí ìgbà inú ọdún lè yí ká.

Ìlànà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2008 ka àrùn líle márùn-ún tí bakitéríà ń fà: òtútù àyà, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, yírùnyírùn, kòkòrò inú egungun tàbí oríkèé, àti eéwo inú. Bí a bá pín in, kò gbọdọ̀ tó ẹyọ kan fún ẹnì kan lọ́dún. A tún máa ń wọn èyí tí ó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ kí a tó fún aláìsàn ní òmíràn.

Ohun Tí Ó Kàn Wá

A ó rí i pé ibà kò sí nínú márùn-ún yìí. Inú ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni a ti ń yọ oògùn náà, púpọ̀ nínú wọn ní ilẹ̀ tí kò ní ibà. Ó lè yege ìdánwò tirẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ ti 1961 kọ́ wa pé a kò lè retí pé kí ó dá ibà dúró. Ọmọ Àkókó tí ń gbà á kò gbọdọ̀ fi àpò ẹ̀fọn àti oògùn ibà sílẹ̀.

Kí á má sì rò pé ẹ̀jẹ̀ ará ilé nìkan ti tó. Ní Màláwì, nínú ìwádìí tí a gbé jáde ní 1992, a fa èyí tí a yọ lára àwọn ará ibẹ̀ sí iṣan àwọn ọmọ tí ibà ti dé ọpọlọ wọn. Kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ìdánwò kì í dáhùn ju ìbéèrè tí a bi í lọ. Kí a tó gba èsì kan wọ ilé ìwòsàn wa, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bèèrè pé: ẹ̀jẹ̀ ta ni, àrùn wo ni, ilẹ̀ wo sì ni?