Awò Ńlá tí Yúróòpù Fẹ́ Gbé Kọjá Òfuurufú

Nígbà tí Wilhelm Röntgen ṣàwárí ìtànṣán X-ray ní ìlú Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1895, tí ó sì fi í ya àwòrán egungun ọwọ́ aya rẹ̀, kò sí ẹni tí ó fọkàn sí i pé irú ìtànṣán yìí kan náà ni àwọn ohun abàmì tí Olódùmarè, Ọba atẹ́rẹrẹ-káyé, dá sójú ọ̀run ń tú jáde tọ̀sán-tòru. Afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká kì í jẹ́ kí ó dé ilẹ̀. Oore ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹ̀mí wa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ rí i ní láti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ gòkè kọjá afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Riccardo Giacconi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1962, tí rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn fi bá wọn rí Scorpius X-1, ohun ojú ọ̀run kan tí ń tú ìtànṣán X-ray jáde.

Láti 1999 ni awò X-ray méjì, Chandra ti Amẹ́ríkà àti XMM-Newton ti Yúróòpù, ti ń ṣọ́ ọ̀run fún wa, ogbó sì ti dé sí wọn. Awò NewAthena ni Àjọ Òfuurufú Yúróòpù ń pèsè sílẹ̀ báyìí, láti máa wo gáàsì gbígbóná janjan tí ó kún àárín àwọn agbo ìràwọ̀, àti àwọn ihò dúdú, agbéràwọ̀mì tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jígí rẹ̀ ni ó yà mí lẹ́nu jù. Bí ìtànṣán X-ray bá kọlu jígí lójú gán-án, inú rẹ̀ ni yóò wọ̀ lọ. Àfi bí ó bá fẹ̀gbẹ́ rá a lójú ni yóò tó ta kúrò, gẹ́gẹ́ bí àfọ́kù ìkòkò tí ọmọdé sọ pẹlẹbẹ sójú odò. Nítorí náà ni wọ́n fi mú awẹ́ silicon pẹlẹbẹ, irú èyí tí a fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n fín in ní poro tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tí wọ́n sì tò ó léra títí tí ó fi di ìdì kan tí ó kún fún ihò wẹ́wẹ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ìdì bẹ́ẹ̀ ni yóò para pọ̀ di jígí kan, tí yóò darí ìtànṣán sí ojú kan ṣoṣo ní mítà 12 sí ẹ̀yìn, níbi tí ẹ̀rọ kan ti ń dúró nínú òtútù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òpin òtútù, kí ó lè mọ ooru bíńtín tí ẹyọ ìtànṣán kọ̀ọ̀kan bá gbé dé.

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun: ní 2014 ni wọ́n ti yan iṣẹ́ náà, ọdún 2028 ni wọ́n sì dá fún ìgbéra rẹ̀. Nígbà tí ó di 2022, owó rẹ̀ ti kọjá agbára àjọ náà, wọ́n sì ní kí a tún un gbèrò; ó dára tí wọn kò pa á tì. Ọdún 2037 ni wọ́n ń wò báyìí. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ìjọba tí ń dáwó rẹ̀ ni pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ náà tún yẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni ewú ti gba orí wọn.